Bí A Ṣe Ń Mọ̀ Bóyá Alternator Ọkọ̀ Lè Gbé Ẹ̀rọ Orin Ńlá

Kí ẹ tó ra bátìrì kejì nítorí amplifier (ẹ̀rọ tó ń mú ohùn orin ròkè) tí ẹ fẹ́ so mọ́ ọkọ̀, ẹ kọ́kọ́ yẹ alternator wò, ìyẹn ẹ̀rọ tí ẹ́ńjìnì ń yí láti pèsè iná ọkọ̀, nítorí pé bátìrì kì í pèsè iná, ohun tí alternator bá fi pamọ́ sínú rẹ̀ nìkan ni ó lè fún wa. Amplifier tó ń gbé wáàtì 1,000 jáde lè fa ju ámpíà 80 lọ, iye tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gbogbo ohun tí alternator ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré lè mú wá.

Ẹ fi mítà wọn bátìrì nígbà tí ọkọ̀ ti sinmi mọ́jú: ó yẹ kí ó tó fóltì 12.6. Bí ẹ bá tan ẹ́ńjìnì, ó sábà máa ń wà láàárín 13.8 sí 14.5, àfi nínú àwọn ọkọ̀ tuntun kan tí kọ̀ǹpútà ń darí alternator wọn. Ẹ wá tan iná iwájú, éèsì àti orin papọ̀. Bí ó bá já wá sísàlẹ̀ 13 tí kò sì gòkè mọ́, tí bẹ́líìtì tó ń yí alternator kò sì dẹ̀, alternator náà kò tó.

Ẹ kọ́kọ́ tú orí négétíìfù bátìrì kí ẹ tó pààrọ̀ alternator. Wáyà tó ti ara alternator lọ sí bátìrì gbọ́dọ̀ nípọn, àti wáyà áàtì (èyí tó so mọ́ irin ara ọkọ̀) pẹ̀lú, èyí tí ọ̀pọ̀ rẹwáyà máa ń gbójú fò. Ẹ fi fíùsì wáyà amplifier sí ìtòsí bátìrì gan-an, torí pé wáyà tó bó láìní fíùsì lè dáná sun ọkọ̀.