Bí o Ṣe Lè Dá Disitíríbútọ̀ Mọ́tò Àtijọ́ Mọ̀, Kí O Tó Pààrọ̀ Rẹ̀

Tí mọ́tò àtijọ́ bá ń wúkọ́ nígbà tí o bá tẹ iná, káábùrétọ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa kọ́kọ́ tú palẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, káábùrétọ̀ ò mọwọ́ ò mẹsẹ̀. Àwọn tó bá sì fura sí disitíríbútọ̀, kíá ni wọ́n á ti ra oní-ẹlẹ́kitirónííkì tuntun, wọ́n á gbé e wọlé, mọ́tò á sì tún máa wúkọ́ bíi tàná. Èmi náà ti fowó ṣòfò bẹ́ẹ̀ rí. Ohun tí mi ò tíì mọ̀ nígbà náà ni pé kì í ṣe pé iná ò lágbára ló ń da ọ̀pọ̀ mọ́tò àtijọ́ láàmú, àsìkò tí iná náà ń dé ni.

Iṣẹ́ méjì ló wà lọ́rùn disitíríbútọ̀. Ó ń pín iná tó ti inú kọ́ìlì (ẹ̀yà tó ń sọ iná bátìrì di alágbára) wá fún plọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan, èyí kò le. Iṣẹ́ kejì ló gba ọgbọ́n: bí ẹ́ńjìnnì bá ṣe ń sáré sí i ni iná gbọ́dọ̀ máa tètè dé sí i, torí epo nílò àsìkò díẹ̀ kó tó jó tán. Irin kékeré méjì tí sípíríǹgì dì mú, tó wà lábẹ́ pèrèsé inú rẹ̀, ló ń ṣe apá kan iṣẹ́ yìí. Bí eré bá ń pọ̀, wọ́n á là síta, iná á sì tètè dé. Agolo pẹlẹbẹ tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ so mọ́ káábùrétọ̀, ló ń ṣe apá kejì: nígbà tí ẹ́ńjìnnì ò bá ru ẹrù púpọ̀, afẹ́fẹ́ tó ń fà á yóò mú kí iná tètè dé sí i. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní vacuum. Àwọn disitíríbútọ̀ kan ní méjèèjì, àwọn kan ní ẹyọ kan péré. Níbẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára

Fi àkísà àti kẹrosíìnì díẹ̀ nu ara rẹ̀ mọ́, kí o sì tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Tó bá jẹ́ ti Lucas, ilé iṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wàá rí orúkọ bíi 25D4 tàbí 45D4. Má ṣe dúró níbẹ̀, torí ìdílé lásán nìyẹn. Nọ́ńbà oní-dígíìtì márùn-ún ló ń sọ irú ọmọ tó jẹ́. 25D4 méjì lè jọra bí ìbejì lójú, kó jẹ́ pé irin àti sípíríǹgì inú wọn yàtọ̀ pátápátá, torí ẹ́ńjìnnì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ṣe wọ́n fún. Nọ́ńbà kékeré tó tẹ̀ lé e jẹ́ ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é: 12 68 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kejìlá ọdún 1968.

Wo agolo vacuum rẹ̀ náà. Wọ́n máa ń tẹ nọ́ńbà mẹ́ta sí i lára, bíi 5-17-10. Ó túmọ̀ sí pé ó ń bẹ̀rẹ̀ sí í fà nígbà tí vacuum bá tó ínǹṣì 5 mẹ́kúrì, ó fà dópin ní ínǹṣì 17, dígírì 10 sì ni gbogbo ohun tó lè fi kún táímìn, ìyẹn àsìkò tí iná ń dé. Ṣùgbọ́n dígírì disitíríbútọ̀ ni 10 yẹn o. Ìlàjì eré ẹ́ńjìnnì ni disitíríbútọ̀ ń sá, nítorí náà lára púlì iwájú ẹ́ńjìnnì, 20 ni wàá kà. Ọ̀pọ̀ ló ti ṣìnà níbi ìṣirò kékeré yìí.

Ti Bosch, nọ́ńbà gígùn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 0 231 ni kí o wá. Ti Delco-Remy tó wà lórí V8 àwọn mọ́tò GM láti ìparí àwọn ọdún 1950 sókè kò fara pamọ́: fèrèsé irin kékeré wà lára káápù (ìdérí) rẹ̀ tí wọ́n ń gbà ṣètò kọ́ńtáàtì (irin kékeré méjì tó ń padé, tó sì ń là láti já iná kọ́ìlì) láìṣí i.

Bí nọ́ńbà bá ti pa rẹ́, wo ìwà rẹ̀. Ṣé ó ní agolo vacuum? Ṣí káápù, kí ẹnì kan sítáàtì mọ́tò díẹ̀, kí o wo apá ibi tí rótọ̀ (ẹ̀yà tó ń yí lábẹ́ káápù láti pín iná) ń yí sí. Ṣé eyín ló wà nídìí rẹ̀ ni, àbí irin tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tó ń wọ inú kòtò? Kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Tí nọ́ńbà Bosch rẹ bá parí sí 009 tí kò sì ní agolo vacuum, o ti rí ògbólógbòó kan nínú àwọn Beetle, Volkswagen oníjàpá. Irin tó ń là nìkan ló ní. Wọ́n ti tà á títí fún àwọn tó fẹ́ sáré, bẹ́ẹ̀ lórí eré tó ga, kò ṣe é bú. Ṣùgbọ́n tó bá pàdé káábùrétọ̀ tí wọ́n ṣe fún disitíríbútọ̀ oní-vacuum, ní kété tí o bá tẹ iná láti ìdúró ni mọ́tò á rọ̀, á ṣe bí ẹni fẹ́ kú, kó tó gbéra. Àwọn kan ń pe èyí ní àtúnṣe. Èmi ò gbà. Ìdàkejì tún wà: àwọn disitíríbútọ̀ Beetle kan ní àwọn ọdún 1960 jẹ́ oní-vacuum nìkan, tí kò ní irin rárá. Bí o bá pààrọ̀ káábùrétọ̀ àwọn wọ̀nyẹn, táímìn náà á dàrú.

Ìgbésẹ̀ kejì: yẹ̀ ẹ́ wò kí o tó náwó

Di ọ̀pá àárín rẹ̀ mú, kí o tì í sọ́tùn-ún sósì. Tó bá ń mì bí eyín arúgbó, ó ti jẹ. Yí rótọ̀ sí apá ibi tó ń yí sí, kí o sì fi í sílẹ̀: ó yẹ kó fò padà fúnra rẹ̀. Tí kò bá padà, irin inú rẹ̀ ti há tàbí sípíríǹgì ti já. Fi ẹnu fa rọ́bà vacuum, kí o sì fi ahọ́n dí i. Pèrèsé gbọ́dọ̀ sún, kó sì dúró síbẹ̀. Bí ó bá rọra padà, awọ inú agolo ti lu. Ìdánwò tí kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni yìí ti gba ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́ ìnáwó.

Tí mítà dwell (èyí tó ń sọ iye dígírì tí kọ́ńtáàtì fi ń wà ní pípadé) bá wà lọ́wọ́ rẹ, 25D4 ń fẹ́ dígírì 60, 45D4 ń fẹ́ nǹkan bíi 51. Àlàfo kọ́ńtáàtì Lucas méjèèjì jẹ́ mìlímítà 0.35 sí 0.40. Bí dwell bá ń fò sókè sódò bí o ṣe ń tẹ iná, ọ̀pá ti jẹ, kọ́ńtáàtì tuntun ò sì ní wò ó sàn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: yan ohun tí o máa ṣe

Tí gbogbo ẹ̀yà bá ṣì le, tí nọ́ńbà rẹ̀ sì bá ẹ́ńjìnnì mu, fọ̀ ọ́, fi òróró díẹ̀ sí owú abẹ́ rótọ̀, fi kọ́ńtáàtì tuntun sí i, kí o sinmi.

Bí o kò bá fẹ́ máa ṣètò kọ́ńtáàtì mọ́, módúù kékeré bíi Pertronix lè gba ipò kọ́ńtáàtì àti kọ́ńdẹ́ńsà (agolo kékeré tí kì í jẹ́ kí kọ́ńtáàtì jóná) lábẹ́ káápù. Òrùka oní-mágínẹ́ẹ̀tì ló ń bá ọ̀pá yí, módúù sì ń mọ̀ ọ́n bó ṣe ń kọjá. Ó dára, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan irin àti sípíríǹgì. Táímìn tó ti dàrú tẹ́lẹ̀ á ṣì dàrú. Kí o tó rà á, yẹ nǹkan wọ̀nyí wò:

- Ẹnu bátìrì wo ni wọ́n so mọ́ bọ́dì? Ọ̀pọ̀ mọ́tò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, MGB títí di ọdún 1967 wà nínú wọn, pọ́sítíìfù ni wọ́n so mọ́ bọ́dì. Módúù tí kì í ṣe tiwọn á jóná lójú ẹsẹ̀.
- Fi mítà wọn kọ́ìlì láàárín ẹnu kékeré rẹ̀ méjèèjì. Kọ́ìlì tó wà fún fóòtì 12 tí kò lo rẹ̀sísítọ̀ máa ń jẹ́ nǹkan bíi óòmù 3. Èyí tó ń lo rẹ̀sísítọ̀ jẹ́ nǹkan bíi 1.5. Kọ́ìlì tí óòmù rẹ̀ kéré jù á se módúù náà jinná.
- Mọ́tò tí rev counter rẹ̀ (mítà tó ń ka yíyí ẹ́ńjìnnì) jẹ́ ti àtijọ́ lè máa ka ìkàkukà lẹ́yìn náà.

Má sì fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ ní ON tí ẹ́ńjìnnì ò ṣiṣẹ́. Bí mo ṣe ba módúù àkọ́kọ́ mi jẹ́ nìyẹn, rédíò ni mo ń gbọ́.

Bí ọ̀pá bá ti jẹ pátápátá, ra odindi. Àwọn 123ignition tí wọ́n ń ṣe ní Netherlands wà fún ọ̀pọ̀ mọ́tò àtijọ́, àwọn kan nínú wọn ní ìlà táímìn 16 tí o lè fi bọ́tìnnì kékeré yàn lára wọn. Ìgbà yìí ni nọ́ńbà tí o kọ sílẹ̀ máa wúlò, torí òun lo máa fi yan ìlà tó bá tìrẹ mu. Ẹni tó ní V8 GM lè lo HEI, disitíríbútọ̀ oní-ẹlẹ́kitirónííkì ti GM fúnra wọn tó jáde ní nǹkan bí ọdún 1974 sí 1975, ṣùgbọ́n fóòtì 12 tó pé ló ń fẹ́, káápù rẹ̀ sì tóbi gan-an. Wọn àyè ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì kí o tó sanwó.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ìyọkúrò àti ìfisí

Tú bátìrì. Yọ plọ́ọ̀gì silíńdà kìíní, fi ìka dí ihò rẹ̀, kí o rọra fi sípánà yí púlì títí afẹ́fẹ́ á fi máa ti ìka rẹ, tí àmì púlì sì bọ́ sí òkè pátápátá. Ṣí káápù: rótọ̀ gbọ́dọ̀ kọjú sí wáyà silíńdà kìíní. Fi ìṣó fa ìlà sára ilé disitíríbútọ̀ àti ara ẹ́ńjìnnì, ya fọ́tò, kí o sì lẹ nọ́ńbà mọ́ wáyà kọ̀ọ̀kan.

Tó bá jẹ́ oní-irin-tẹ́ẹ́rẹ́ ni, kò lè wọlé lódìkejì, torí kòtò rẹ̀ kò sí láàárín gẹ́lẹ́. Oní-eyín ni kí o ṣọ́. Bó ṣe ń jáde ni rótọ̀ á máa yí. Sàmì sí ibi tó dúró sí, ibẹ̀ ni tuntun á ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tó bá ń wọlé. Má ṣe yí ẹ́ńjìnnì láàárín àkókò yẹn rárá.

Wáyà ń tẹ̀ lé apá tí rótọ̀ ń yí sí: ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì oní-silíńdà mẹ́rin jẹ́ 1-3-4-2, ti Beetle jẹ́ 1-4-3-2.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: táímìn

Bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń ṣiṣẹ́, yọ rọ́bà vacuum, dí ẹnu rẹ̀, kí o sì tan iná táímìn sí púlì. Tí o bá yí ilé disitíríbútọ̀ lódì sí apá tí rótọ̀ ń yí sí, iná á tètè dé. Tí o bá bá a yí, á pẹ́. Kọ́kọ́ lo nọ́ńbà inú ìwé mọ́tò rẹ. Lẹ́yìn náà tẹ iná díẹ̀díẹ̀: àmì gbọ́dọ̀ máa gòkè wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kó má fò, kó má sì há. Ní ti 009, gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ yẹ kó wà láàárín dígírì 28 sí 32 nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti kọjá yíyí 3,000 ní ìṣẹ́jú kan.

Dá rọ́bà padà, dì í le, kí o wà á gun òkè. Bí o bá gbọ́ ìró bí ẹni da òkúta wẹ́wẹ́ sínú agolo, iná ti ń tètè dé jù. Dín in kù ní dígírì méjì, kí o tún un wà. Kó kọ́ńtáàtì àti kọ́ńdẹ́ńsà tó o yọ sínú ọ̀rá, kó o jù wọ́n sínú búùtù pẹ̀lú sikúrù-díráfà kan. Tí módúù bá kú lójú ọ̀nà, wọ́n á gbé ọ délé.