Bí Àgbà Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ FBI Tó Ti Fẹ̀yìn Tì Ṣe Lè Kọ Ìwé Ìtàn Iṣẹ́ Rẹ̀

Ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ FBI, àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, bá búra wọṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ ìwé tó máa kọ lọ́jọ́ ogbó ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ náà ni wọ́n ń gbé fọ́ọ̀mù FD-291 síwájú rẹ̀, tí á sì fọwọ́ sí i pé òun kò ní gbé ohun tí òun bá mọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ jáde láìgba ìyọ̀ǹda lákọsílẹ̀. Nítorí pé gbogbo ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ibẹ̀ ló ń gba àṣẹ láti rí àṣírí ìjọba, wọ́n tún ń fọwọ́ sí SF-312, fọ́ọ̀mù tí èèyàn fi ń ṣèlérí pé òun kò ní tú àṣírí ìjọba. Ìfẹ̀yìntì kò pa ìkankan nínú méjèèjì rẹ́. Ẹ wá ẹ̀dà wọn, kí ẹ kà wọ́n tán pátá kí ẹ tó wá ẹni tó máa bá yín kọ̀wé.

Ọ̀pọ̀ ló máa ń sọ pé, "Kò kúkú sí àṣírí kankan nínú ìwé mi." Ọ̀rọ̀ yẹn kò gba èèyàn sílẹ̀. Frank Snepp, òṣìṣẹ́ CIA (àjọ amí Amẹ́ríkà) tẹ́lẹ̀, tẹ ìwé jáde ní 1977 láìkọ́kọ́ gbé e fún àwọn ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ láti yẹ̀ wò. Ìjọba kò tilẹ̀ bá a ṣẹjọ́ pé àṣírí wà nínú rẹ̀. Síbẹ̀, ní 1980, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ní Amẹ́ríkà dájọ́ pé kí gbogbo èrè orí ìwé náà bọ́ sọ́wọ́ ìjọba. Ohun tí wọ́n wò ni pé ó ti ṣèlérí láti gbé e wá, kò sì gbé e wá.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe ni ti ẹni tó kọ́kọ́ rí ìwé náà. Wọ́n á ti fi ránṣẹ́ sí alárinà ìwé, sí olóòtú, sí ọ̀rẹ́ tó gbọ́ òyìnbó dáadáa, kí wọ́n tó rántí ọ́fíìsì tó ń yẹ ìwé wò ní FBI. Ọ́fíìsì yẹn ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí i, kódà bó bá jẹ́ àbá ìwé olójú ewé mẹ́wàá tí ẹ fẹ́ fi wá akéde, ìyẹn ilé iṣẹ́ tó máa tẹ ìwé náà jáde. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ lọ pọ̀: orí ìwé, àlàyé abẹ́ fọ́tò, ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́, ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ìwé. Ọjọ́ iṣẹ́ 30 ni wọ́n ń dá, èyí tó jẹ́ bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Bí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ bá kan àjọ mìíràn, wọ́n á fi ránṣẹ́ síbẹ̀, á sì pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí ẹ kò fi gbọ́dọ̀ bá akéde dá ọjọ́ tí kò fi oṣù mẹ́fà ó kéré tán sílẹ̀ fún àyẹ̀wò. FBI ti yẹ ìwé Ali Soufan, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ wọn tẹ́lẹ̀, wò tán kí CIA tó ní kí wọ́n yọ ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Ó jáde ní 2011 pẹ̀lú ìlà dúdú lórí ojú ewé púpọ̀, ó sì di 2020 kí ẹ̀dà tí wọ́n dá ọ̀rọ̀ padà sí tó jáde. Bí ẹ bá sì fi ìpínrọ̀ kan kún un lẹ́yìn ìyọ̀ǹda, ẹ tún gbé ìpínrọ̀ náà lọ.

Kí ni wọ́n máa ń yọ? Ọ̀rọ̀ gráǹdì júrì ṣáájú, ìyẹn ìgbìmọ̀ ará ìlú tó ń gbọ́ ẹ̀rí níkọ̀kọ̀ láti mọ̀ bóyá kí wọ́n fẹ̀sùn kan èèyàn. Òfin tí wọ́n ń pè ní Rule 6(e) kò de ẹlẹ́rìí lásán, ẹni yẹn lè sọ ohun tí òun fẹnu ara rẹ̀ sọ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó de ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó ń ran agbẹjọ́rò ìjọba lọ́wọ́. Ohun tí wọ́n gbọ́ nígbà tí wọ́n ń tẹ́tí sí tẹlifóònù èèyàn wà lára ohun tí wọ́n ń yọ pẹ̀lú, àfi èyí tí wọ́n ti gbé sí etígbọ̀ọ́ gbogbo ayé nílé ẹjọ́. Ti àwọn tó ń ta àjọ lólobó ló yẹ kó bà yín lẹ́rù jù, torí ẹ̀mí wà níbẹ̀. Yíyí orúkọ padà kò tó. Bí ẹ bá kọ iṣẹ́ tó ń ṣe, àdúgbò rẹ̀ àti oṣù tí ẹ pàdé, àwọn tó dá a mọ̀ á ti mọ ẹni náà. Ẹ yọ ohun tó ń tọ́ka sí i kúrò, kódà bí ìtàn náà bá di bíńtín.

Ohun tó kù ṣì pọ̀ rẹpẹtẹ, inú fáìlì ilé ẹjọ́ ló wà. Lórí PACER, ìkànnì tí èèyàn ti ń rí ìwé ẹjọ́ àwọn ilé ẹjọ́ àpapọ̀ Amẹ́ríkà, ojú ewé kan jẹ́ sẹ́ǹtì 10, ìwé kan kì í ju dọ́là 3 lọ, bí ohun tí ẹ lò láàárín oṣù mẹ́ta kò bá sì ju dọ́là 30 lọ, wọn kò ní gba kọ́bọ̀. Gbèdéke dọ́là 3 yẹn kò kan àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ nílé ẹjọ́, ẹ ṣọ́ra fún un. Ìwé ìbúra tí wọ́n fi gba àṣẹ láti mú èèyàn ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ fúnra rẹ̀ ló búra sí i, ọjọ́ wà níbẹ̀, wákàtí wà níbẹ̀, orúkọ òpópónà wà níbẹ̀. Ìkéde ìjọba náà wúlò. Fún àpẹẹrẹ, nígbà tí wọ́n kéde Operation reWired, ìgbésẹ̀ láti mú àwọn oníjìbìtì orí íméèlì, ní oṣù kẹsàn-án 2019, wọ́n sọ pé èèyàn 281 ni wọ́n mú, 167 nínú wọn ní Nàìjíríà. Iye yẹn lè wọ inú ìwé yín. Èyí tí ìwé ìròyìn jí gbé jáde kò rí bẹ́ẹ̀, torí bí ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀ bá tún un sọ, ẹ ti fọwọ́ sí i nìyẹn. Ẹ kọ nọ́ńbà ìwé ẹjọ́ sí etí ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ ayẹ̀wéwò á yá.

FD-302, ìyẹn àkọsílẹ̀ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, jẹ́ ti àjọ. Bí ẹ̀dà rẹ̀ bá wà nínú páálí nílé yín, ẹ má ṣe yọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ lò. Ẹ pe lọ́yà.

Ní ti ìtàn fúnra rẹ̀, ẹ má lo ju ojú ewé mélòó kan lọ lórí Quantico, ibi tí FBI ti ń kọ́ àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tuntun. Ohun tó ń sú òǹkàwé jù ni àwọn ọdún tí ẹ di ọ̀gá. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ojú pópó ní ìtàn. Ọ̀gá ọ́fíìsì, tí wọ́n ń pè ní SAC, ní ìpàdé. Ẹ mú ìpinnu mẹ́ta péré, kí ẹ sì tú wọn palẹ̀: ta lẹ ní kó kọ́kọ́ wọlé, kí lẹ mọ̀ nígbà yẹn, kí lẹ kò tíì mọ̀. Ẹ jẹ́ kí ọjọ́ orí máa lọ lábẹ́ ìtàn pẹ̀lú. Wọn kì í gba ẹni tí kò tíì pé 23, ẹni tó bá ti pé 37 ti pẹ́ jù, 57 sì ni ìfẹ̀yìntì ọ̀ranyàn. Ẹni tó bá ti lo ọdún 20 lè lọ ní 50. Ìṣirò yẹn ló ń lé ọ̀pọ̀ ìpinnu inú iṣẹ́ yẹn, ti ilé àti ti ìgbéga.

Ẹ má fi òǹtẹ̀ FBI sí èèpo ìwé. Òfin àpapọ̀, 18 U.S.C. 709, ka lílo orúkọ FBI lọ́nà tó jọ pé àjọ náà fọwọ́ sí ìwé léèwọ̀, àfi pẹ̀lú àṣẹ olùdarí lákọsílẹ̀. Ẹ kọ ọ́ síwájú pé èrò tiyín ni, kì í ṣe ti àjọ. Ẹni tí ilé ẹjọ́ dá sílẹ̀, ẹ má pè é ní ọ̀daràn, ohun yòówù kí ọkàn yín máa sọ. Lẹ́tà ìyọ̀ǹda tí ọ́fíìsì bá fi ránṣẹ́, ẹ ṣe ẹ̀dà mẹ́ta: ọ̀kan fún akéde, ọ̀kan fún lọ́yà, ọ̀kan fún ilé. Bí wọ́n bá fẹ́ fi ìwé náà ṣe fíìmù tí ẹ sì bá wọn kọ eré rẹ̀, eré náà á tún gba ọ́fíìsì kan náà kọjá.