Àṣìṣe strncpy tó fara pamọ́ sínú àfikún kóòdù

Ẹnìkan fi àfikún ránṣẹ́ sí iṣẹ́ kan tí wọ́n fi C, èdè ìkọ kóòdù, kọ, tí kóòdù rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn, èmi ni mo sì yẹ̀ ẹ́ wò. Kóòdù náà mọ́ tónítóní, gbogbo ìdánwò ló yege. Díẹ̀ ló kù kí n gbà á wọlé ni mo rí i pé orúkọ fáìlì kan ń jáde pẹ̀lú lẹ́tà játijàti lẹ́yìn rẹ̀, nígbà mìíràn kò sì ní ṣe bẹ́ẹ̀.

char oruko[64], ìyẹn àyè báìtì 64, ló fi gba orúkọ náà. Mo ṣe compile rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i pẹ̀lú -g (kí àṣìṣe lè tọ́ka sí ìlà kóòdù) àti -fsanitize=address (tó ń ṣọ́ bí kóòdù ṣe ń lo ìrántí), mo sì fún un ní orúkọ tó jẹ́ báìtì 64 gẹ́lẹ́. Ó kú lójú ẹsẹ̀: stack-buffer-overflow, ìyẹn pé kóòdù kọjá ààlà àyè, inú strlen tó ń ka gígùn ọ̀rọ̀.

strncpy, tó ń da ọ̀rọ̀ kọ sínú àyè kan, ló fà á. Bí ọ̀rọ̀ tí à ń dà kọ bá kún àyè náà, kì í fi báìtì òdo, tó jẹ́ àmì òpin ọ̀rọ̀ nínú C, parí rẹ̀, strlen á wá máa kà á lọ kọjá ààlà. Bẹ́ẹ̀ bí ọ̀rọ̀ bá kúrú, ṣe ló ń fi òdo kún gbogbo àyè tó kù! Orúkọ rẹ̀ ti tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ.

Mo dábàá snprintf(oruko, sizeof oruko, "%s", src) dípò rẹ̀; src ni orúkọ tí à ń dà kọ. Òdo ló máa ń fi parí, iye tó ń dá padà, ìyẹn gígùn ọ̀rọ̀ náà lódindi, sì ṣe pàtàkì: tó bá ti tó 64, ọ̀rọ̀ ti gé nìyẹn, kí iṣẹ́ náà má gba orúkọ ọ̀hún. Ẹni tó kọ ọ́ tún un ṣe, ó fi ìdánwò báìtì 63, 64 àti 65 kún un, mo sì gbà á wọlé tayọ̀tayọ̀.