Bí mo ṣe gba gàráńtì fírísà ìyá mi láì san kọ́bọ̀ lé e

Ìyá mi ń ta ẹja tútù àti omi inú ọ̀rá ní Ìjẹ̀bú-Òde, èmi ni mo ra fírísà tó ń lò fún un. Nígbà tó yá, ẹ̀rọ náà ń kùn, iná ara rẹ̀ ń tàn, ṣùgbọ́n omi ò dì mọ́. Iléyá sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ẹ mọ̀ pé ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba; àlejò á kún ìlú, ta ló fẹ́ ra omi gbígbóná nínú oòrùn yẹn?

Ọjọ́ tí mo rà á gan-an ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù ńlá kan ló ti fi nọ́ńbà ẹ̀dínwó ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Mo débi tí wọ́n ti ń gbowó, wọ́n ní kò ṣiṣẹ́ fún nǹkan oníná àfi tí mo bá rà á lórí áàpù wọn. Mo wo áàpù ọ̀hún: owó tí wọ́n fẹ́ gbà láti gbé e wá sílé fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ẹ̀dínwó náà tán. Mo pa á rẹ́. Ẹni tó bá mọ ọjà ná ní Òkè-Ajé, tó bá ti ṣe bí ẹni fẹ́ máa lọ, wọ́n á pè é padà. Kò sí nọ́ńbà kankan níbẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọmọkùnrin tó ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù ńlá náà sún mọ́ mi. "Mà, ẹ kúkú fi owó díẹ̀ lé e, kí gàráńtì yín lè gùn sí i." Mo ní kó gbé ìwé rẹ̀ wá. Àwọn lẹ́tà inú rẹ̀ kéré bí ẹyin iná, mo sì dúró kà á tán lójú rẹ̀. Gàráńtì ilé iṣẹ́ tó ṣe fírísà náà gba gbogbo ara rẹ̀ fún ọdún kan, ó sì gba compressor, ẹ̀rọ tó ń ti gáàsì káàkiri inú rẹ̀, fún ọdún púpọ̀ sí i. Èyí tí wọ́n fẹ́ tà fún mi, compressor yẹn náà ló tún gbà! Kò gba gáàsì, kò gba rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn, kò gba owó iṣẹ́. Àwọn ìyá wa máa ń bu èènì lé gàrí. Èmi ò tíì rí èènì tí wọ́n ń sanwó rẹ̀. Mo ní mi ò ṣe.

Ohun tí mo ṣe ni pé mo ní kí wọ́n kọ nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn fírísà sórí rìsíìtì àti káàdì gàráńtì, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i. Mo ra stabilizer tó ń mú kí iná dúró déédéé níbẹ̀ náà, mo ní kí wọ́n kọ ọ́ sórí rìsíìtì kan náà. Mo ya gbogbo rẹ̀ ní fọ́tò, torí ìwé rìsíìtì ayé ìsinyìí kì í pẹ́ ṣá.

Nígbà tí fírísà wá kọṣẹ́, ìyá mi fẹ́ pe ẹni tó ń tún un ṣe ládùúgbò. Mo bẹ̀ ẹ́ kó dúró. R600a ni wọ́n kọ sẹ́yìn fírísà náà, gáàsì tó lè gbiná sì ni. Bí ẹnikẹ́ni bá gé páìpù rẹ̀ láìgbàṣẹ, gàráńtì ti kú nìyẹn. Mo ṣe fídíò: iná tó ń tàn, stabilizer, omi tó ṣì ń mì nínú ọ̀rá.

Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù ò tiẹ̀ wo fídíò náà. "Mà, iná NEPA ló bà á jẹ́." Mo fi stabilizer tí wọ́n tà fún mi hàn án lórí rìsíìtì. Ó tún nawọ́ sí ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, pé ọjà tí wọ́n bá ti tà, àwọn kì í gbà á padà. Mo ní òfin ọdún 2018 tó gbé FCCPC, àjọ ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà, kalẹ̀ fún oníbàárà lẹ́tọ̀ọ́ láti dá ọjà tó lábùkù padà, ìwé ara ògiri ò lè pa òfin rẹ́. Ó ní kí n lọ pe ilé iṣẹ́ náà l'Ékòó fúnra mi.

N ò pariwo. Mo kàn fún un ní bíírò àti ìwé: "Ọ̀gá, ẹ bá mi kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ ò ní tún un ṣe, kí ẹ buwọ́ lù ú." Ó wo ìwé, ó wò mí. Ó mú fóònù.

Ẹni tí wọ́n rán wá mọ iṣẹ́. Ó fi omi ọṣẹ ra oríkèé páìpù, a sì rí i tó ń hó níbì kan: ibẹ̀ ni gáàsì ti ń jò. Compressor ò ṣe nǹkan kan. Ó jó páìpù náà pọ̀, ó fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, ó sì gbé agolo gáàsì lé òṣùwọ̀n kékeré kan kó tó máa fà á díẹ̀díẹ̀. Ìyá mi ní, "Ṣé ìyẹn náà ni gbogbo rẹ̀?" Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, tó bá pọ̀ jù kò ní dáa."

Ó béèrè owó ọkọ̀. Mo nawọ́ káàdì sí i, ó rẹ́rìn-ín. Mo ní kó kọ ohun tó ṣe àti ìwọ̀n gáàsì sẹ́yìn káàdì náà, kó fi ọjọ́ sí i. Ó ní kò pọn dandan, Àǹtí.

"Ọmọ mi, kọ ọ́," ni ìyá mi wí, ó ti ń di gàrí fún un lọ́wọ́ kan.

Ó kọ ọ́.