Bí mo ṣe tún àpótí ìtìsẹ̀ Wegner mi hun

Okùn àpótí ìtìsẹ̀ mi já lójijì, àfi bíi pé eku jẹ ẹ́. CH53 ni wọ́n ń pè é. Hans J. Wegner, ará Dẹ́nmáàkì, ló ya àwòrán rẹ̀ ní 1966. Ọmọ aṣebàtà ni bàbá náà, ìlú Tønder ni wọ́n ti bí i ní 1914, iṣẹ́ káfíńtà ló sì kọ́kọ́ kọ́. Ó hàn lára igi rẹ̀: kò mì rárá. Okùn nìkan ni wàhálà.

Mo rò pé koríko ni okùn náà. Rárá o, bébà tí wọ́n lọ́ ni! Èmi ò mọ̀, mo rẹ okùn tuntun sómi bí ẹni ń rẹ ẹ̀wà. Ó wú, ó tú, ó di ẹ̀kọ. Owó gbé.

Lẹ́ẹ̀kejì, aṣọ tútù ni mo fi ń nù ún fẹ́ẹ́rẹ́ bí mo ṣe ń hun ún. Mo bẹ̀rẹ̀ láti igun, mo ń yí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ká, mo ń bọ̀ lọ́nà àárín. Fífà gan-an niṣẹ́ ibẹ̀. Ẹ fà á, kí ẹ tún un fà, torí bó bá dẹ̀ díẹ̀, ẹsẹ̀ yóò tẹ̀ ẹ́ wọlẹ̀. Lẹ́yìn ìlà mẹ́fà-mẹ́fà, mo máa ń fi pátákó àti hámà gbá wọn mọ́ra. Tó bá fẹ́ tú, ẹ lọ́ ọ padà síbi tó kọjú sí tẹ́lẹ̀, ẹ má lọ́ ọ sódì.

Ìka mi bó. Ṣùgbọ́n nígbà tó gbẹ lọ́jọ́ kejì, ó le bí awọ ìlù.