Outdoor AC Yín Lójú Olè: Àwọn Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀

Nínú AC tó wà nílé wa, èyí tó wà lára ògiri yàrá kọ́ ni olè ń wá. Outdoor tó wà níta ni. Inú rẹ̀ ni kọ̀mpírẹ́sọ̀ wà, ibẹ̀ náà ni páìpù kọ́pà gígùn ti ń lọ tó ń bọ̀ láàárín àwọn pẹlẹbẹ alumíníọ̀mù, kọ́pà sì wà lára ohun tí àwọn tó ń ra àlòkù irin máa ń san owó gidi lé. Bóòtù mẹ́rin ló sábà máa ń gbé e dúró lórí irin tó rọ̀ mọ́ ògiri. Páìpù méjì àti wáyà iná ló so ó pọ̀ mọ́ tinú ilé. Ẹni tó bá mú sípánà àti ayùn irin dání kò nílò àkókò púpọ̀. Ohun tó máa ń dùn mí jù ni pé owó tí wọ́n ń rí nídìí kọ́pà yẹn kò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye tí onílé máa san kí atẹ́gùn tútù tó padà sí yàrá ìyá arúgbó tàbí ti ọmọ ìkókó.

Kò sí irin tí a kò lè gé. Iṣẹ́ tó bá máa pẹ́, tó sì máa pariwo, ni olè ń sá fún. Nítorí náà, ohunkóhun tí ẹ bá fẹ́ ṣe, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín: ṣé ó máa dá olè dúró pẹ́, ṣé ó máa mú un pariwo, ṣé AC náà á sì ṣì rí afẹ́fẹ́ mí? Ìbéèrè tó kẹ́yìn yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbàgbé.

Àṣìṣe àkọ́kọ́ máa ń wáyé kí AC tó ṣiṣẹ́ rárá. Oníṣẹ́ ń wá ibi tó máa rọ òun lọ́rùn, onílé ò fẹ́ kí outdoor ba ẹwà iwájú ilé jẹ́, ni wọ́n bá gbé e sí ẹ̀yìnkùlé, nílẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì tí ilé tí wọn ò tíì kọ́ parí wà lódìkejì rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni olè ń fẹ́. Bó bá jẹ́ ilé alájà, ẹ ní kí wọ́n gbé e sára ògiri òkè, nísàlẹ̀ fèrèsé yàrá tí èèyàn ń sùn sí. Páìpù á gùn sí i, owó á sì lé díẹ̀. Ìwé tó bá AC wá máa ń sọ bí páìpù ṣe lè gùn tó àti ìgbà tó yẹ kí wọ́n fi gáàsì kún un. Ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ yín kà á. Ẹ tún wo ohun tó wà nísàlẹ̀ ibẹ̀: táńkì omi, ilé jẹnẹrétọ̀, àkàbà tí ẹ gbàgbé síta. Àtẹ̀gùn ni gbogbo wọn fún ẹni tó bá fẹ́ gùn.

Lẹ́yìn tí olè bá ti jà ládùúgbò ni onílé máa ń sáré lọ bá wẹ́dà, ibẹ̀ ni àṣìṣe tó ń pa AC jù lọ ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á fi páànù irin bo outdoor yíká, tàbí kí bíríkìlà fi búlọ́ọ̀kù mọ ọ́n mọ́ inú igun kan, kí wọ́n sì fi ihò kékeré sílẹ̀ fún un. Bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ outdoor ni láti da ooru inú yàrá síta. Ó ń fa afẹ́fẹ́ wọlé láti ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́, fáànù á sì fẹ́ èyí tó ti gbóná jáde níwájú. Bí afẹ́fẹ́ gbígbóná yẹn bá kọlu páànù tó sì ṣẹ́rí padà, ooru kan náà ni ẹ̀rọ á tún máa fà wọlé. Agbára gáàsì inú páìpù á ga, kọ̀mpírẹ́sọ̀ á gbóná, á máa jẹ iná, á máa kú fúnra rẹ̀ kó má bàa jó, nígbà tó bá sì yá, á jóná náà ni.

Dípò páànù tàbí búlọ́ọ̀kù, ọ̀pá irin mílímítà 12 tàbí 16 ni kí ẹ fi ṣe kéèjì, ìyẹn àgò irin tó máa yí outdoor ká. Kí àlàfo wà láàárín wọn, èyí tí ìkúùkù ò ní gbà kọjá ṣùgbọ́n tí afẹ́fẹ́ á gbà dáadáa. Ní iwájú tí fáànù kọjú sí, kí ògiri tàbí ohunkóhun tó lè dí i jìnnà tó sẹ̀ǹtímítà 60 ó kéré tán; iye tó wà nínú ìwé AC yín ni kí ẹ tẹ̀ lé bó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn bò ó, eruku ọyẹ́ á dí i pa.

Ibi tí wọ́n ń gbà so kéèjì mọ́ ògiri tún ṣe pàtàkì ju bí irin rẹ̀ ṣe nípọn lọ. Búlọ́ọ̀kù oníhò la fi kọ́ ọ̀pọ̀ ilé wa. Bóòtù tí wọ́n kàn gbá sínú irú búlọ́ọ̀kù bẹ́ẹ̀, ọ̀pá irin kan á yọ ọ́, kéèjì àti outdoor á sì jọ tẹ̀ lé e. Ẹ jẹ́ kí bóòtù la ògiri já, kí nọ́ọ̀tì rẹ̀ wà nínú yàrá lórí pẹlẹbẹ irin, tàbí kí wọ́n so kéèjì mọ́ òpó tàbí bíìmù oníkọnkéré. Kéèjì gbọ́dọ̀ ní ilẹ̀kùn kí oníṣẹ́ lè máa fọ ẹ̀rọ náà. Kí híńjì rẹ̀ má ṣe jẹ́ irú tí wọ́n lè fa pín-ìn-nì rẹ̀ yọ, kí wọ́n sì fi àpótí irin kékeré bo àgádágodo kí irin ìgé má lè dé ọrùn rẹ̀. Fún àwọn tó ń gbé etíkun bíi Lẹ́kí àti Badagry, afẹ́fẹ́ iyọ̀ ń jẹ irin kíákíá, ẹ máa kùn ún lọ́dà déédéé.

Ẹ má gbà kí wẹ́dà jó irin mọ́ outdoor tó ti wà lójú iṣẹ́. Àwọn kan máa ń jó nọ́ọ̀tì pọ̀ mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n ní olè ò ní lè tú u. Oníṣẹ́ yín náà ò ní lè tú u. Gáàsì R32 tó wà nínú ọ̀pọ̀ AC tuntun lè gbiná. R22 àti R410A, gáàsì tó wà nínú àwọn AC míì, kì í gbiná bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bí iná bá kàn wọ́n, èéfín olóró ni wọ́n ń dà. Kí wẹ́dà jó kéèjì tán ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kí wọ́n wá fi bóòtù dì í nílé yín. Ní ti ẹsẹ̀ outdoor, nọ́ọ̀tì kan wà tí orí rẹ̀ máa ń já dànù bí wọ́n bá ti dì í le tán, sípánà ò sì ní rí ibi dì mú mọ́.

Èyí tó kàn yìí, ẹ̀bẹ̀ ni mò ń bẹ̀ yín: ẹ má so iná NEPA mọ́ kéèjì tàbí mọ́ wáyà orí fẹ́ǹsì. Àwọn tó ń ṣe é máa ń sọ pé olè nìkan ló máa mú. Iná kò mọ olè. Ọmọ tó ń lé bọ́ọ̀lù lè fọwọ́ kàn án, oníṣẹ́ tó wá fọ AC lè fọwọ́ kàn án, ẹni tó ń kó aṣọ nígbà tí òjò ń bọ̀ náà lè fọwọ́ kàn án. Iná tó ń wọ ilé wa, tó tó 220 sí 240 fóòtì, lè pa àgbàlagbà, pàápàá bí ilẹ̀ bá tutù. Bó bá sì jẹ́ olè gan-an ló pa, onílé ló máa lọ wí tẹnu rẹ̀ níwájú adájọ́. Wáyà oníná tí àwọn oníṣẹ́ ààbò ń ta yàtọ̀ sí èyí. Ó ní ẹ̀rọ tirẹ̀ tó ń ju iná ráńpẹ́ ráńpẹ́, tó ń gbọn èèyàn nù láìpa á.

Ọ̀pọ̀ ń ṣọ́ òru, wọn ò ṣọ́ ọ̀sán. Ẹnì kan á wọ aṣọ iṣẹ́, á gbé àpò irinṣẹ́ kọ́ èjìká, á sọ fún mẹ́gáàdì pé ọ̀gá ní kí òun wá gbé outdoor lọ tún ṣe. Bí wọn ò bá sọ ohun tí mẹ́gáàdì máa ṣe fún un, á ṣí géètì, á tiẹ̀ tún lè bá a gbé e sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá. Ẹ sọ ọ́ di òfin ilé pé ẹ̀rọ kankan ò gbọdọ̀ jáde láìjẹ́ pé ẹni tó ni ín fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ lórí fóònù. Àwọn tó ń ra kọ̀ńdẹ́mù náà, ẹ má mú wọn dé ẹ̀yìnkùlé. Ẹ gbé fíríìjì tó bàjẹ́ wá sí géètì kí ẹ tà á níbẹ̀. Iṣẹ́ òótọ́ ni púpọ̀ nínú wọn ń ṣe, ṣùgbọ́n kò sídìí tí àlejò fi gbọ́dọ̀ mọ iye outdoor tẹ́ ẹ ní àti ibi tí wọ́n wà.

Kámẹ́rà tí kò ní bátìrì kì í ríran bí wọ́n bá múná lọ, ìgbà yẹn sì ni ariwo jẹnẹrétọ̀ àdúgbò ń bo ìró ayùn mọ́lẹ̀. Iná sólà tó máa ń tàn bí èèyàn bá kọjá níwájú rẹ̀ kò wọ́n, ó sì wúlò. Bẹ́ ẹ bá ń lọ sílé ọdún Iléyá tàbí Kérésìmesì, ẹ bẹ aládùúgbò kan kó máa yẹ ẹ̀yìn ilé wò fún yín, kì í ṣe iwájú nìkan.

Ẹ lọ wo ẹ̀gbẹ́ outdoor yín lónìí. Ìwé kékeré kan wà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, nọ́ńbà rẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ yà á ní fọ́tò, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú rìsíìtì. Ẹ fi ọ̀dà tí kì í tètè ṣí kọ orúkọ tàbí nọ́ńbà ilé yín sára rẹ̀ gàdàgbà. Bí ọlọ́pàá bá bá outdoor mẹ́wàá nínú ọkọ̀ kan, kí lẹ fẹ́ fi hàn wọ́n pé ọ̀kan nínú rẹ̀ jẹ́ tiyín?

Bó bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ má sáré fọwọ́ kan wáyà tó kù lára ògiri, iná lè ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹ pa bíréékà AC yẹn ná, kí ẹ ya ibẹ̀ ní fọ́tò, kí ẹ wá fi téèpù di ẹnu páìpù tí wọ́n gé, torí bí omi bá wọ ibẹ̀, kọ̀mpírẹ́sọ̀ tuntun ló máa bàjẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ mú nọ́ńbà yẹn lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá.

Kò ní pẹ́ tí ẹnì kan á fi sọ fún yín pé òun mọ ibi tí outdoor tó dín lówó wà, àmọ́ kò ní rìsíìtì. Ẹ má rà á. Àwọn àgbà ní ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀, òfin Nàìjíríà náà sì ka gbígba ohun téèyàn mọ̀ pé wọ́n jí sí ẹ̀ṣẹ̀. Kódà bí kì í bá ṣe ti olè, ó lè má bá tinú ilé yín mu. Outdoor R22 kò ṣeé so mọ́ indoor R410A: agbára gáàsì R410A fi ju ìdajì lọ ga ju ti R22, òróró kọ̀mpírẹ́sọ̀ wọn pẹ̀lú kì í sábà jẹ́ ọ̀kan náà. Outdoor AC inverter, ìyẹn AC tí kọ̀mpírẹ́sọ̀ rẹ̀ lè dín eré kù tàbí fi kún un, kì í sì í ṣiṣẹ́ pẹ̀lú indoor tí kì í ṣe ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ ya ìwé tó lẹ̀ mọ́ ara indoor yín ní fọ́tò, ẹ mú un lọ sí Alaba tàbí ibi yòówù tẹ́ ẹ ti fẹ́ rà á, kí ẹ sì rí i pé wọ́n kọ nọ́ńbà outdoor tuntun náà sínú rìsíìtì kí ẹ tó gbé e kúrò ní ṣọ́ọ̀bù.