Bí mo ṣe kó ìtàn tẹ́sàn rélùwéè Omi-Àdìó jọ

Ọmọ mi ló bi mí léèrè ìgbà tí rélùwéè kọ́kọ́ dé Omi-Àdìó tó wà lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta sí Ìbàdàn, mi ò sì rí èsì fún un. Ó dùn mí gan-an, torí iwájú tẹ́sàn yẹn ni mo gbà lọ sílé ìwé ní gbogbo ìgbà èwe mi.

Ọ̀dọ̀ àwọn àgbà ni mo kọ́kọ́ lọ, ibẹ̀ ni mo sì ti ṣàṣìṣe: ọdún ni mo ń bi wọ́n. Ọ̀kan ní ó ti pẹ́ ṣáájú ogun Hítílà, òmíràn ní àtìgbà tí kòkó ti ń pa owó. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, mo yí ìbéèrè padà: "Bàbá, ta ló jẹ Baálẹ̀ Ìbàdàn nígbà tí wọ́n la ojú irin yìí?" Bàbá kan tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún ò tiẹ̀ ronú: "Ayé Fájìnmí ni. Bàbá tó bí bàbá mi kì í yé sọ ọ́." Ara mi yá gágá. 1897 sí 1902 ni Fájìnmí fi jẹ Baálẹ̀, bí wọ́n ṣe ń pe ọba Ìbàdàn nígbà náà. Mo wá lọ wo àwọn ìwé àtijọ́ tí ìjọba kó pa mọ́ nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Ọ̀rọ̀ bàbá bára mu: ojú irin tó ti Ìddó ní Èkó gba Abẹ́òkúta wá sí Ìbàdàn, nǹkan bíi kìlómítà 193, ọjọ́ 4 oṣù Kẹta 1901 ni Gómìnà MacGregor ṣí i. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí, orúkọ ọba ni kó fi bẹ̀rẹ̀.

Bàbá yìí ti ṣiṣẹ́ rélùwéè rí. Wọ́n ní ojú irin kan ṣoṣo ni, awakọ̀ ò sì gbọdọ̀ kúrò ní tẹ́sàn láìgba àmì tó fi hàn pé ọ̀nà ṣófo. Inú òrùka irin tó tóbi bíi táyà kẹ̀kẹ́ ni àmì náà ń wà. Wọ́n dìde, wọ́n na apá, wọ́n tẹ ìgbọ̀nwọ́ láti fi bí wọ́n ṣe ń fi apá kọ́ òrùka náà hàn mí, tí ọkọ̀ ò ní dúró.

Ìyá kan tó ta ẹ̀kọ níbẹ̀ sọ pé àwọn a máa sáré tẹ̀ lé ọkọ̀ láti na ṣéńjì sí oníbàárà lójú fèrèsé. Mo fẹ́ràn ìyẹn ju gbogbo ìwé tí mo kà lọ.

Mo yá téèpù lọ́wọ́ télọ̀ kan, ọmọ mi di orí kan mú: láàárín irin àtijọ́ méjèèjì, ínṣì 42. Ti tuntun tí wọ́n ṣí ní oṣù Kẹfà 2021, tí wọ́n sọ tẹ́sàn rẹ̀ ní Omi-Àdìó ní orúkọ Ládòkè Akíntọ́lá, ínṣì 56 àtààbọ̀ ni. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ ti ìhín ò fi lè gun irin ti ọ̀hún.

Nígbà tí mo kọ ọ́ tán, mo kà á fún bàbá. Ibì kan péré ni wọ́n ti dá mi dúró: "Apá òsì ni mo fi ń gbà á, kì í ṣe ọ̀tún." Mo tún un kọ lójú wọn.